Ẹ̀yìn Aṣọ Ni Wọ́n Ń Fi Hàn Mí

Obìnrin àkọ́kọ́ tó kí mi ní Abẹ́òkúta, ńṣe ni mo di àpò mi mú bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìdí búrẹ́dì tó ń tà ló jókòó sí, lójú títì kan ní Òwu. Kò mọ̀ mí rí, èmi náà kò sì ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn gbójú sókè, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú oòrùn." Mo dá a lóhùn, mo sì yára kọjá. Nígbà tí mo dé kọ̀rọ̀, mo bojú wẹ̀yìn bóyá ó ń tẹ̀ lé mi. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ó ń fi páálí lé eṣinṣin kúrò lórí búrẹ́dì rẹ̀. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí n tó tún gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Kì í ṣe pé a kì í kíra wa ní Kétu tí wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ilé ni Kétu. Níbẹ̀, mo mọ ẹni tó ń kí mi, mo mọ ìyá rẹ̀, mo sì mọ ohun tó máa bèèrè lẹ́yìn ìkíni. Orílẹ̀-èdè Benin ni Kétu wà, lódìkejì ààlà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ wa níléèwé. Èdè kan náà ni èmi àti àwọn ará Abẹ́òkúta ń sọ, àmọ́ tiwa ti bá Faransé gbé pẹ́, tiwọn sì ti bá Gẹ̀ẹ́sì gbé pẹ́. Bí mo bá la ẹnu báyìí, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin kì í ṣe ará ibí. Ṣé Àgànyìn ni yín ni?" Èmi ọmọ Kétu ni wọ́n ń pè ní Àgànyìn, bí ẹni pé Yorùbá kọ́ ni mí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an.

Ó yẹ kí n tètè sọ ọ́ pé onífura ènìyàn ni mí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Bí ènìyàn bá fún ìyá mi ní ọsàn, á máa yí i po lọ́wọ́ títí ẹni náà á fi bèèrè pé kí ló ṣe ọsàn náà. Nígbà tí mo sọ pé mò ń lọ sí Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ fọ́tò, kò sunkún, kò sì gbàdúrà gígùn. Ó ní kí n má sùn láìti ilẹ̀kùn. Àbúrò bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní kí ọyẹ́ tó fẹ́, màá ti sáré padà wálé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ Abẹ́òkúta. Ohun yòówù tí ojú mi ì báà rí níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ọyẹ́ bá mi nílé ní Kétu.

Ọ̀gá mi ní Òwu ni Bàbá Ṣọ́lá. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì ti ń ya fọ́tò láti ayé ìgbà tí wọ́n ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, fóònù ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya fọ́tò. Pásípọ́ọ̀tù àti fọ́tòkọ́pì ló kù. A ta aṣọ funfun sára ògiri, àwọn ènìyàn á jókòó síwájú rẹ̀, èmi á ní, "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí etí yín méjèèjì hàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín." Láti àárọ̀ di alẹ́, ojú àwọn tí mo ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín ni mò ń wò. Ẹ wá sọ fún mi bí mi ò ṣe ní rò pé ìlú náà kò fẹ́ràn mi.

Bàbá Ṣọ́lá náà ló bá mi wá yàrá sílé Ìyá Múfú. Opó ni Ìyá Múfú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ tán. Ó ní ìsọ̀ ní Ìtòkú, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ta àdìrẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́ láró. Ẹnu kò gbà á láti sọ bí àyà mi ṣe já ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀. Mo wà lójú fèrèsé, mo rí Ìyá Múfú tó ń ro láfún nínú ìkòkò ńlá. Ó bu nǹkan kan tó dà bí iyọ̀ nínú ike, ṣùgbọ́n àwọ̀ búlúù ló ní. Ó dà á sínú láfún náà, ó sì rò ó pọ̀. Kò pẹ́ sí i ló kan ilẹ̀kùn mi. Láfún ló gbé wá fún mi, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá.

"Ìyá, ẹ ṣé o," mo ní. "Inú ló ń run mí."

Bísíkíìtì ni mo jẹ sùn. Mo fi àpótí aṣọ mi ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Mo pe ìyá mi. Ó ní kí n yí fóònù kiri kí òun rí ògiri yàrá náà, mo yí i. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ?"

"Wọ́n ń fún mi."

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Mi ò tí ì mọ̀, Màámi."

"Máa ṣọ́ wọn," ó ní.

Lọ́jọ́ kẹta ni mo rí ibi tí láfún oníyọ̀ búlúù náà ń lọ. Ìyá Múfú jókòó lórí àpótí, ó na aṣọ funfun sórí tábìlì, ó ń fi ìyẹ́ adìẹ bu láfún náà, ó ń kùn ọnà sára aṣọ. Ibi tí láfún bá gbẹ sí, aró kò ní wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ tán, wọ́n á fá láfún náà kúrò, ọnà á sì yọ ní funfun. Ojú mi tì mí díẹ̀. Síbẹ̀, mi ò jẹ láfún ilé náà. Mi ò mọ bó ṣe dá a lójú tó pé ìkòkò méjèèjì kì í pàdé ara wọn.

Bàbá Ṣọ́lá rí i pé ojú mi ń kú. Ó fa dúrọ́ọ̀ kan jáde, ó mú kámẹ́rà kékeré kan fún mi, èyí tí kò lò mọ́. Ó ní, "Máa gbé e dání tó o bá ń lọ, tó o bá ń bọ̀. Pásípọ́ọ̀tù máa ń pa ojú ènìyàn." Mo bi í pé èló ni ó máa yọ nínú owó mi. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Ìgbà òjò ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tí mò ń rí lọ́nà. Òkè ni Abẹ́òkúta, òkè àti ọ̀gbun, àpáta sì wà lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn bí ẹni pé àpáta ló kọ́kọ́ gba ilẹ̀ náà. Mo ya àwọn òrùlé páánù tó ti dípẹtà, bí òjò ṣe ń sọ wọ́n di pupa bí epo. Mo ya ọlọ́kadà tó fi ọ̀rá bo èrò ẹ̀yìn rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rin gbingbin. Mo ya àwọn àgbàlagbà tí wọ́n tò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí, tí gbogbo wọn ń wo bàtà wọn tí omi ń gbé lọ, tí ẹnì kankan kò fẹ́ jáde lọ mú un.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìfura mi wúlò. Ẹlòmíràn á wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan, á kọjá. Èmi ò gba ojú mi gbọ́, mo gbọ́dọ̀ tún un wò. Ìgbà tí mo bá tún un wò ni fọ́tò máa ń wà níbẹ̀. Ìrì tó wà lára ike omi obìnrin oníbúrẹ́dì ní àárọ̀, mo ti kọjá a tán kí n tó padà. Nígbà tí mo padà, obìnrin náà ní, "Kí lẹ gbàgbé?" Mo ní mi ò gbàgbé nǹkan kan. Òun náà fura sí mi, mo rí i lójú rẹ̀, ara sì tù mí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù lọ láti yà, ẹ̀yìn ilé wa ló wà. Nígbà òjò, aṣọ àwọn aláró kì í gbẹ. Wọ́n á sá a sórí okùn, òjò á ṣú, wọ́n á ká a wọlé. Wọ́n á fi kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi kọ́ àga, wọ́n á fi kọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Gbogbo ilé á máa rùn fún aró, òórùn tó kọ́kọ́ ń lé mi sá tó sì wá di òórùn ilé sí mi nímú. Mo ní màá ya bí ọnà ara aṣọ wọ̀nyí ṣe máa ń tàn nínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà, mo jáde. Ẹ̀yìn aṣọ ni mo bá.

Kí ó yé yín: àdìrẹ tí wọ́n fi láfún kùn, ojú kan ló ní. Ojú yẹn ni ọnà wà. Bí ẹ bá yí i sẹ́yìn, àwọ̀ aró ni ẹ máa rí, dúdú mọ́ búlúù, kò sí nǹkan míì. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé bó ṣe bọ́ sí i ni. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo wá dán an wò. Mo fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú yàrá, mo jáde lọ pọn omi. Gbogbo aṣọ ló kọjú síta, ẹyẹ, ewé àti akàn ń wò mí. Mo padà wọlé, mo gbé kámẹ́rà, mo tún jáde. Ìyá Tọ́pẹ́, tó ń bá Ìyá Múfú rẹ aró, ti ń yí èyí tó kẹ́yìn padà. Kò bá mi wíjọ́. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, àǹtí."

Inú mi bàjẹ́. Mo ní nítorí pé mo jẹ́ Àgànyìn ni.

Bàbá Ṣọ́lá ló là á yé mi lọ́jọ́ kejì, nígbà tí kọ́sítọ́mà kò sí. "Kì í ṣe tìẹ," ó ní. "Ọmọbìnrin kan wá síbí kí ìwọ tó dé. Ó ní òun fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́. Ó jókòó tì wọ́n, ó bá wọn jẹun, ó ya gbogbo aṣọ wọn. Kò pẹ́ sí i tí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ dé ọjà, pọ̀ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Ọnà tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Akàn, tí ìyá Ìyá Múfú dá sílẹ̀, wà lára rẹ̀. Akàn kan wà nínú ọnà yẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sí, ìyá náà gbàgbé rẹ̀ nígbà tó ń kùn ún, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ayé rẹ̀. Ẹ̀rọ náà tẹ akàn yẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò sí."

Mo ní, "Wọ́n rò pé èmi náà máa jí i."

"O wá láti ibi tí wọn ò mọ̀. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ rẹ. O kì í jẹ oúnjẹ wọn. Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní yàrá. Ẹ̀rù wá bà mí. Bí àwọn aláró bá lé mi, kò sí ẹni tó máa gbà mí sílé ní ìlú náà, Bàbá Ṣọ́lá pàápàá kò ní lè fi mí sí sọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n ti ń wá ya pásípọ́ọ̀tù. Kétu ni màá padà sí. Ọyẹ́ kò tí ì fẹ́.

Nígbà tí mi ò rí ojú aṣọ yà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn aṣọ nígbà òjò ní ìkùukùu nínú. Omi kì í kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀, ó máa ń kán láti etí aṣọ, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì wọ àwọ̀ aró. Bí òjò bá dá, oòrùn á gba inú rẹ̀ kọjá, òjìji ọwọ́ àwọn obìnrin náà á hàn lódìkejì. Mo ya ọwọ́ wọ̀nyẹn. Àwọn náà kò lè rí mi, aṣọ wà láàárín wa. Bàbá Ṣọ́lá tẹ mẹ́rin jáde, ó fi kọ́ ara ògiri sọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pásípọ́ọ̀tù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bi í pé kí ni mo yà. Bàbá Ṣọ́lá á ní, "Ẹ tún un wò."

Ọyẹ́ fẹ́. Mo jí ní àárọ̀ kan, ètè mi ti là, eruku ti bo gbogbo nǹkan, òkè ọ̀hún kò sì hàn mọ́. Mo jáde sójú títì, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan. Obìnrin oníbúrẹ́dì ní, "Ẹ kú ọyẹ́ o." Mo ní, "Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú òtútù, ṣé ẹ jí dáadáa?" Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ gba búrẹ́dì àwìn. Mo pe àbúrò bàbá mi nílé, mo bi í bóyá ọyẹ́ ti fẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní ó ti fẹ́. Mo ní ó ti fẹ́ lọ́dọ̀ tiwa náà. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì gbádùn ọjọ́ yẹn títí ó fi ṣú.

Ọjọ́ náà kò tíì jìnnà tí mo fi bọ́ sínú wàhálà. Mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ọ̀sán kan, kámẹ́rà wà lọ́rùn mi, kò sì sí ẹnì kankan lẹ́yìn ilé. Ẹsẹ̀ Akàn wà lórí okùn. Ojú rẹ̀ ló kọ síta. Oòrùn ọyẹ́ tó funfun bí wàrà wà lára rẹ̀, gbogbo akàn náà ń rìn lọ sókè, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé sì wà láàárín wọn. Mi ò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé. Ọwọ́ mi ti dé ara kámẹ́rà. Nígbà náà ni mo tún un wò. Ìkòkò aró ṣí sílẹ̀, àpótí Ìyá Tọ́pẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀. Aláró wo ló ń fi aṣọ yẹn sílẹ̀ tó sì ń lọ? Mo ní ìdẹ ni. Mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn.

Mo rò pé mo ti yege. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn Ìyá Tọ́pẹ́ lábẹ́ fèrèsé mi. "Kò yà á o."

"Mo rí i," Ìyá Múfú ní.

"Ta ló máa rí irú ìyẹn tí kò ní yà á? Ó ti ní in nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo yà á, mo jalè. Mi ò yà á, mo ti jí i tẹ́lẹ̀. Mo pe ìyá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Di ẹrù rẹ, kí o máa bọ̀ nílé." Mo fa àpótí kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ṣí i, mo wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo tún fà á padà.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọkùnrin kan fi wọ sọ́ọ̀bù wá ya pásípọ́ọ̀tù. Ó ní Kọ́bapẹ́ lòun ti wá, pé òun ń dáko níbẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí etí rẹ̀ méjèèjì hàn. Etí òsì rẹ̀ ká sínú lókè, bí etí ìwé tí wọ́n ṣẹ́. Nígbà tí mo yà á tán, ó dìde lọ wo àwọn fọ́tò ara ògiri.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ya ìwọ̀nyí? Ó mà dára o. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yìn aṣọ lẹ yà?"

"Ẹ̀yìn ni mo rí," mo ní.

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń wá ojú rẹ̀. Èyí tó ní akàn yẹn gan-an. Ohun tí ẹ bá ní kó san ló máa san. Kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀."

Mo kọjú sí i. "Kí lorúkọ ọ̀rẹ́ yín?"

Ó rò ó díẹ̀. "Ṣé orúkọ lẹ fẹ́ gbà ni àbí owó?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé akàn wà lára rẹ̀? Kò sí akàn nínú ohun tó wà lára ògiri yìí."

Ó yí ojú kúrò lára ògiri. Mo kó pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín lọ bá ẹni tó ń kùn ún." Ọkùnrin náà kò bínú. Ńṣe ló rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì jáde. Ẹ̀rín yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Bó bá rí ẹlòmíràn tó máa bá a yà á, èmi ni wọ́n máa mú. Bí mo bá sì sọ fún Ìyá Múfú, ó lè ní kí ló dé tí olè fi mọ ojú mi. Mo pinnu pé màá sọ. Kò rọrùn fún irú mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ pálọ̀ Ìyá Múfú. Ó ń kírun lọ́wọ́ nínú yàrá, mo jókòó dè é. Fọ́tò àtijọ́ kan wà lára ògiri níbẹ̀, tí mo ti ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí: ìyá àgbàlagbà kan lórí àga, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró lápá ọ̀tún rẹ̀, ọmọdékùnrin kan lápá òsì. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ni Ìyá Múfú, mo mọ ìyẹn. Mo tún un wò. Etí òsì ọmọdékùnrin náà ká sínú lókè.

Nígbà tí Ìyá Múfú jáde, mi ò tilẹ̀ rántí kí i dáadáa. "Ìyá, ta ni ọmọ inú fọ́tò yẹn?"

"Làmídì ni. Àbúrò mi ni. Kọ́bapẹ́ ló ń gbé."

"Ó wá ya pásípọ́ọ̀tù lọ́dọ̀ wa lánàá."

Ó jókòó. Kò wá irọ́ kankan. "Èmi ni mo rán an," ó ní.

Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ sá aṣọ dè mí, mi ò yà á, ẹ ní mo ti jí i. Ẹ tún rán ènìyàn sí mi. Kí ni mo ṣe yín? Ṣé nítorí pé èmi kì í ṣe ọmọ ibí ni?"

"Ìwọ náà ńkọ́?" Kò gbé ohùn sókè. "Láti ìgbà òjò lo ti wà nílé mi. Ọjọ́ wo lo jẹ láfún mi? Alaalẹ́ la ń gbọ́ àpótí tó o fi ń ti ilẹ̀kùn, bó ṣe ń ha sàrà lórí símẹ́ńtì. Ọjọ́ tí òjò dé tí mo bá ọ ká aṣọ rẹ wọlé, o kà wọ́n. Mo dúró síbẹ̀, o ń kà wọ́n lójú mi. Kí lèmi náà ṣe ọ́?"

Mo ti rò pé èmi nìkan ni mò ń ṣọ́ ènìyàn nínú ilé yẹn. Mi ò mọ̀ pé mo ti ń ṣẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dé, pé bó ṣe ń dùn mí ló ń dùn wọ́n.

"Ọmọbìnrin tó kó iṣẹ́ ìyá mi lọ," ó ní, "kò fura sí wa rárá. Gbogbo ohun tí a bá gbé fún un ló ń jẹ. Ó ń pè mí ní màmá."

Mo fi aṣọ mi nu ojú, mo ní, "Ṣé ẹ ti wá gbà mí gbọ́ báyìí?"

"Díẹ̀."

"Èmi náà gbà yín gbọ́ díẹ̀."

"Ìyẹn náà dára," Ìyá Múfú ní. Ó pè mí lọ sí ìdí ààrò, ó fi ìkòkò méjèèjì hàn mí, ti aṣọ àti ti ẹnu, wọ́n jìnnà síra wọn, ti aṣọ sì ní okùn pupa lọ́rùn. Ó bu láfún fún wa. Mo dúró títí ó fi kọ́kọ́ fi òkèlè kan sẹ́nu, ó rí i pé mò ń dúró, ó sì rọra jẹ ẹ́ kí n lè rí i dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ tèmi. Láfún rẹ̀ dára púpọ̀. Gbogbo bísíkíìtì tí mo ti jẹ látìgbà òjò wá ń dùn mí.

Mi ò ní sọ fún yín pé mo di ọmọ Ẹ̀gbá lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, ó ní, "Kí ni wọ́n fi sínú ọbẹ̀?" Bí mo bá gbé kámẹ́rà jáde, wọ́n ṣì ń yí aṣọ padà, èmi náà sì ṣì ń fi àpótí ti ilẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń gbé e báyìí, mi ò fà á mọ́ kí ó má baà ha. Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ooru dé. Ẹ̀yìn aṣọ nínú ooru gbẹ bí páálí, ó máa ń dún bí wọ́n bá ká a. Mo ya ìyẹn náà. Ó ti wá yé mi pé ká ní wọ́n ti fi ojú aṣọ hàn mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ǹ bá ti yà á, ǹ bá ti lọ. Ǹ bá má mọ bí aró ṣe ń rí nínú òjò, nínú eruku, àti nínú oòrùn gangan.

Òjò àkọ́kọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjì ló ṣáájú rẹ̀. Mo wà lórí àpótí lẹ́yìn ilé, mò ń nu kámẹ́rà mi. Ìyá Múfú àti Ìyá Tọ́pẹ́ wà nídìí ìkòkò, aró ti dé ìgúnpá wọn. Ọmọbìnrin kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, aṣọ wọn mọ́, fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní wọ́n júwe ibẹ̀ fún àwọn ní Ìtòkú, pé àwọn fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọbìnrin náà kí wa dáadáa, ó kúnlẹ̀ fún àwọn ìyá méjèèjì.

Afẹ́fẹ́ fẹ́, ó ká Ẹsẹ̀ Akàn sókè lórí okùn, ó sì yí i. Ojú rẹ̀ bọ́ síta, gbogbo akàn náà. Fóònù ọmọbìnrin náà ti ń dìde lọ.

Ìyá Tọ́pẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀, aró ń kán níbẹ̀. Ìyá Múfú kò dìde. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ okùn. Èmi ló wò.

"Ọmọ Kétu," ó ní, "bá wa yí i."

Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Mo lọ sídìí okùn, mo yí ẹ̀yìn aṣọ náà síta, mo sì dúró síwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé fóònù rẹ̀ wálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí," ó ní. "Ṣé ọmọ ibí lẹ̀yin náà?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" mo ní, mo sì di etí aṣọ náà mú títí afẹ́fẹ́ fi rọlẹ̀.